Má Fi Àìsàn Ẹlòmíràn Polówó Oúnjẹ

Ilé wa, Fìdítì,
Ọjọ́ Ajé, lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀.

Àbẹ̀kẹ́ mi, ọmọ tí mo fi ẹ̀bẹ̀ gbà lọ́wọ́ Olúwa,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Ara wa le níhìn-ín. Bàbá rẹ ti lọ wo ọ̀pẹ̀ òyìnbó rẹ̀ lóko, ilé dákẹ́, mo sì jókòó sídìí tábìlì tí mo ti máa ń yẹ ìwé àwọn ọmọ iléèwé wò nígbà tí mo ṣì ń ṣe tíṣà. Ìwé ni mo yàn láti kọ, nítorí pé n kò lè sọ ohun tí mo fẹ́ sọ yìí lórí fóònù kí n má sunkún.

Inú mi dùn sí iṣẹ́ tuntun tí wọ́n gbé lé ọ lọ́wọ́. Kí ọmọ ẹni fi iṣẹ́ olóṣù sílẹ̀ ní Ìbàdàn, kí ó wá di olórí ẹgbẹ́ aláàánú kékeré ní Ìlọrà, ẹgbẹ́ tí kò ní èrè mìíràn ju pé kí aláìsàn rí oògùn lò, gbogbo ìyá kọ́ ló ń bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀. Mo ti sọ fún àwọn èèyàn ní ṣọ́ọ̀ṣì. Mo ti fi yangàn díẹ̀, kí Ọlọ́run dárí jì mí.

Nígbà tí o pè mí lánàá, o ní ẹgbẹ́ yín yóò pa àtíbàbà lọ́jọ́ àjọ̀dún ìlú, pé ẹ ó ta ìrẹsì àti ẹja díndín àti mọ́ínmọ́ín, kí ẹ lè fi èrè rẹ̀ ran àwọn aláìsàn yín lọ́wọ́. Gbogbo rẹ̀ ló dùn mọ́ mi, àfi ìgbà tí o dé orí ọ̀rọ̀ àwòrán. O ní ẹ ó ya àwòrán ìyá kan tí wọ́n gé lẹ́sẹ̀ nítorí àtọ̀gbẹ, ẹ ó gbé e kọ́ síwájú àtíbàbà, kí ẹni tó bá ń kọjá lè rí ẹsẹ̀ náà, kí àánú lè ṣe é. O ní, "Màámi, bí wọn ò bá rí i, wọn ò ní rà."

N kò dáhùn. O pè mí lẹ́ẹ̀mejì, "Màámi, ṣé ẹ ń gbọ́ mi?"

Mo ń gbọ́ ọ, ọmọ mi. Ohun tó dí mi lẹ́nu ni mo fẹ́ kọ síbí.

Ṣé o rántí Ìyá Síkírá? O ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́jọ lọ nígbà náà. Obìnrin pupa, gíga, tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tí ó máa ń fún ọ ní èkuru gbígbóná bí o bá ń ti iléèwé bọ̀. O bi mí nígbà kan ìdí tí kò fi sí nílé mọ́. Mo ní ó ti lọ máa gbé lọ́dọ̀ àwọn èèyàn ìyá rẹ̀ ní Ìmínì. Irọ́ kọ́, ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo òtítọ́. Èmi ni mo lé e lọ.

Sàfúrátù ni orúkọ rẹ̀. Èmi a máa pè é ní Sàfú, òun a sì máa pè mí ní Dúpẹ́, láì fi ìyá ọmọ kankan kún un, nítorí pé a ti jọ mọra kí a tó bímọ. Mùsùlùmí ni, èmi sì jẹ́ ọmọ ìjọ Onítẹ̀bọmi. Bí Kérésì bá dé, òun ló ń bá mi dáná. Bí Iléyá bá dé, èmi ni mo ń bá a gún ata. Ọkọ rẹ̀ ti kú tipẹ́. Èkuru ló ń tà nítòsí àwọn ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ ní Jọ́bẹ̀lẹ̀, àwọn òṣìṣẹ́ kan sì wà níbẹ̀ tí kì í fi ohunkóhun kan ẹnu láàárọ̀ títí yóò fi dé. Ọwọ́ rẹ̀ mọ́. Bí ó bá rẹ ẹ̀wà, yóò bó o títí tí o kò fi ní rí ojú dúdú kan ṣoṣo nínú rẹ̀. Ewé tí yóò fi pọ́n ọn, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ń fọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kan, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán, ó wọlé tọ̀ mí wá, ó ti ilẹ̀kùn. Ó mú ọwọ́ mi, ó gbé e lé ọmú rẹ̀ òsì. Mo kan kókó kan níbẹ̀, ó le bí èkùrọ́. Ó ti lọ sí ilé ìwòsàn kan ní Ìbàdàn láì sọ fún ẹnikẹ́ni, wọ́n sì ti sọ fún un pé jẹjẹrẹ ni, ṣùgbọ́n pé bí ó bá tètè gba ìtọ́jú, ìrètí ń bẹ.

"Dúpẹ́," ó ní, "má sọ fún ẹnikẹ́ni o. Oúnjẹ ni mò ń tà. Aráyé ò mọ àìsàn tó ń ranni yàtọ̀ sí èyí tí kì í ranni."

Mo ní, "Sàfú, kí ni o fi mí pè?" Mo gbé ọwọ́ lé àyà, mo ṣèlérí fún un.

Ní àkókò yẹn, èmi ni alága ẹgbẹ́ àwa obìnrin kan níhìn-ín, Kìrìsìtẹ́nì àti Mùsùlùmí, tí a ń ran àwọn aláìsàn lọ́wọ́. Mo sọ fún wọn pé obìnrin kan wà tí ó nílò ìtọ́jú kíákíá, n kò dárúkọ. Wọ́n gbà mí gbọ́, a sì fẹnu kò pé a ó ta oúnjẹ lọ́jọ́ àjọ̀dún ìlú. Sàfú fúnra rẹ̀ ló ní òun ni yóò sè é. Àwọn tó kù rò pé àánú ẹlòmíràn ló ṣe é. Èmi nìkan ni mo mọ ìdí rẹ̀. Ó sọ fún mi ní kọ̀rọ̀ pé, "N ò lè káwọ́ gbera kí ẹ máa ṣe làálàá nítorí mi. Ẹ jẹ́ kí n fi ọwọ́ ara mi ṣe é."

Ọjọ́ náà dé. Oríṣiríṣi ẹgbẹ́ ló pa àtíbàbà yí pápá ká. Àwọn tó fẹ́ tún òrùlé iléèwé ṣe ń din dòdò, àwọn tó ń tọ́jú afọ́jú ń sun ẹran, tiwa sì wà ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún. Èkuru kì í pariwo ara rẹ̀, o mọ̀. Kò ní òórùn tí atẹ́gùn yóò gbé lọ bá ẹni tó dúró lókèèrè. Títí di ọ̀sán, àwọn oníbàárà Sàfú láti Jọ́bẹ̀lẹ̀ àti àwọn ìyá díẹ̀ ló ń yà lọ́dọ̀ wa. Ọkàn mi kò balẹ̀. Mo ń wo ọ̀tún, mo ń wo òsì.

Sàfú ní, "Dúpẹ́, fara balẹ̀. Ẹni tó bá jẹ ẹran tán ṣì máa wá nǹkan tí yóò yó o."

Ìgbà náà ni ọkùnrin tó ń darí ètò ní kí olórí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan wá fi ẹ̀rọ gbohùngbohùn sọ ìdí tí wọ́n fi ń tajà. Olórí àwọn tó ń tọ́jú afọ́jú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Ó fa bàbá kan tó fọ́jú lọ́wọ́ wá síwájú, ó ní kí ó yí ojú rẹ̀ sí àwọn èèyàn. Èrò ṣe háà! Wọ́n ya lọ sí àtíbàbà rẹ̀ bí omi tó já. Mo dúró, mo ń wò wọ́n.

Àbẹ̀kẹ́, ìlara ló mú mi. Jẹ́ kí n pè é ní orúkọ tó ń jẹ́. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń sọ fún ara mi pé àánú ni, pé mo fẹ́ kí ọ̀rẹ́ mi yè ni. Òótọ́ ni pé mo fẹ́ kí ó yè. Ṣùgbọ́n ní ìṣẹ́jú yẹn, ohun tí mo fẹ́ jù ni kí èrò ṣe háà fún èmi náà.

Nígbà tó kàn mí, mo gba ẹ̀rọ náà, mo ní, "Ẹ̀yin ará ìlú, ẹ wo obìnrin tó ń bu oúnjẹ fún yín yìí. Jẹjẹrẹ ń bẹ lọ́mú rẹ̀. Bí ẹ bá ra èkuru yìí, ẹ̀mí rẹ̀ lẹ̀ ń rà."

Mo ti to ọ̀rọ̀ náà lọ́kàn mi kí n tó dé ibẹ̀. Ó dùn létí ara mi.

Èrò kò ṣe háà. Pápá pa lọ́lọ́. Obìnrin kan tó jókòó lábẹ́ àtíbàbà wa rọra gbé àwo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì nu ẹnu rẹ̀. Òmíràn gba èkuru kúrò lọ́wọ́ ọmọ rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀, ó ní, "Tutọ́ ẹ̀ dànù! Tutọ́ ẹ̀ dànù!" Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bi ẹnì kejì rẹ̀ pé, "Ọwọ́ tó fi kan ọmú yẹn náà ló fi pọ́n ọn?" Àwọn kan wá, wọ́n na ọwọ́ láti òkèèrè, wọ́n ju owó sínú abọ́, wọ́n sì yára padà lẹ́yìn láì mú oúnjẹ. Owó wọlé, ọmọ mi. Oúnjẹ ló ṣẹ́kù.

Mo yí ojú padà wo Sàfú. Ó ṣì di ṣíbí mú. Kò sunkún, kò sì wo ẹnikẹ́ni. Ó bo ìkòkò, ó bu omi, ó fọ ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì dé ìgbọ̀nwọ́ lójú gbogbo èèyàn, ó nù wọ́n. Ó wá kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ ṣeun."

Láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pè mí ní Tíṣà rí. Kò sì fi "ẹ" bá mi sọ̀rọ̀ rí.

Nígbà tó gbé igbá èkuru dé Jọ́bẹ̀lẹ̀ lọ́jọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, ọ̀rọ̀ ti ṣáájú rẹ̀ débẹ̀. Ó jókòó títí oòrùn fi mú, ẹnikẹ́ni kò rà. Ó lọ lọ́jọ́ kejì, bákan náà ni. Kò lọ lọ́jọ́ kẹta. Kí oṣù tó parí, ó ti kó ẹrù rẹ̀, òun àti Síkírá, lọ sí Ìmínì.

Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn jù nìyí: n kò lọ bẹ̀ ẹ́. Ìta kan péré ló wà láàárín ilé wa méjèèjì, n kò sì dá a kọjá. Mo ní kí inú rẹ̀ kọ́kọ́ rọ̀ ná. Mo ní iléèwé ń ṣe ìdánwò. Mo fi owó tí a rí lọ́jọ́ àjọ̀dún rán ọ̀kan nínú ẹgbẹ́ wa sí i ní Ìmínì, ó dá a padà bí a ti dì í, a sì fi ra oògùn fún ẹlòmíràn. Bàbá rẹ rí mi tí mo jókòó, ó ní, "Dúpẹ́, a kì í rán èèyàn lọ tọrọ àforíjì. Ẹsẹ̀ ara rẹ ni kí o fi lọ. Ojú lọ̀rọ̀ wà." Inú bí mi sí i. Oṣù mẹ́fà kọjá kí n tó lọ.

Mo bá a lórí ẹní nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ti rù. Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọkùnrin. Ó ní kí n dìde, ó ní kí Síkírá gbé àpótí fún mi jókòó. Mo sọ gbogbo ẹjọ́ mi, mo sunkún. Ó jẹ́ kí n sọ tán.

Ó wá ní, "Dúpẹ́, kò sẹ́ni tí kò ní mọ̀ lọ́jọ́ kan. Bí o bá bi mí ni, bóyá n bá ti fi ẹnu ara mi sọ fún wọn. Ṣé o mọ̀ pé mo ti ń rò ó? Pé bí a bá ta oúnjẹ yẹn tán, tí wọ́n jẹ ẹ́, tí ó dùn mọ́ wọn, n óò dìde, n óò ní, 'Ẹ wò ó, ẹni tí ẹ jẹ oúnjẹ rẹ̀ yìí, òun náà ni ẹ ń ràn lọ́wọ́.' Mo fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ jẹun."

Mo fi etí ìró mi nu ojú.

Ó ní, "O sọ mí di àìsàn kí n tó jẹ́ èèyàn lójú wọn."

Mo bi í bóyá ó ń lọ fún ìtọ́jú rẹ̀. Ó mi orí. Ó ní ìgbà kan ni òun wọ mọ́tò tó ń lọ sí Ìbàdàn, tí obìnrin kan dá òun mọ̀, tó sì sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Òun kò lọ mọ́. Mo bẹ̀ ẹ́ títí ó fi gbà kí n mú òun lọ. A jọ lọ. Dókítà tó yẹ̀ ẹ́ wò pè mí sápá kan, ó ní, "Màmá, kí ló dé tí ẹ ò fi gbé wọn wá láti ọjọ́ yìí?" Mo ti jẹ́ tíṣà fún ogún ọdún, n kò tíì gbọ́ ìbéèrè tó le bí ìyẹn rí.

Sàfú kú kí àgbàdo tuntun tó jáde lọ́dún yẹn. Bí o ti mọ̀, àwọn Mùsùlùmí kì í fi òkú pẹ́ nílẹ̀. Wọ́n ti sin ín kí n tó débẹ̀. Síkírá kúnlẹ̀, ó gbé omi fún mi mu. Mo bi í bóyá ìyá rẹ̀ sọ nǹkan kan nípa mi kó tó kú. Ọmọ náà ronú díẹ̀, ó ní, "Rárá, mà." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Kò kàn ní ohun tí yóò sọ ni.

Nísinsin yìí, ọmọ mi, gbọ́ mi.

Ìmọ̀ràn kìíní: fi ọ̀rọ̀ àwòrán yẹn sílẹ̀. Àwọn àgbà ní a kì í ka ìka mẹ́sàn-án lójú oníka mẹ́sàn-án. Bí ìyá yẹn bá ń kọjá lọ́jọ́ náà, tí ó rí ẹsẹ̀ ara rẹ̀ tí wọ́n gbé kọ́ síbi tí àwọn èèyàn ti ń jẹ ẹja, kí ni o rò pé yóò rò nípa ara rẹ̀? O ní o ti bi í, ó sì ti gbà. Àbẹ̀kẹ́, ta ló máa ń sọ "rárá" fún ẹni tó ń fún un lóògùn? Bí ẹni tí ó ń gba nǹkan lọ́wọ́ rẹ bá ní "ó dára," má tíì gbà á gbọ́. Lọ jókòó tì í. Jẹ́ kí ó kọ́kọ́ mọ̀ pé bí ó bá kọ̀, oògùn rẹ̀ kò ní dín. Lẹ́yìn náà kí o tún bi í.

Èkejì ni pé kí oúnjẹ yín dùn. Má rẹ́rìn-ín, mo mọ ohun tí mò ń sọ. Ẹ fi ẹja tó dára sí i, ẹ jẹ́ kí ọwọ́ àwọn tó ń bù ú mọ́, ẹ kí ẹni tó bá yà. Bí èèyàn bá ra oúnjẹ lọ́wọ́ rẹ nítorí pé ó dùn, o kò bu ẹnikẹ́ni kù láti tà á. Bí ó bá sì bèèrè ohun tí ẹ fẹ́ fi èrè rẹ̀ ṣe, sọ iṣẹ́ yín fún un, kí o fi orúkọ èèyàn sílẹ̀.

Má wo àtíbàbà ẹlòmíràn. Wọn yóò ní ẹ̀rọ orin, wọn yóò ní èrò tó pọ̀ ju tìrẹ lọ. Jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Bí ọjà yín kò bá tà tó bí ẹ ṣe fẹ́, ẹ ó tún rí ọ̀nà mìíràn. Ẹyin lohùn, ó ti bọ́ lọ́wọ́ mi rí, n kò sì rí i ṣà.

Èyí tó kẹ́yìn, òun ló sì wúwo jù fún mi láti kọ: ìwọ náà yóò ṣẹ èèyàn lẹ́nu iṣẹ́ yìí. Kò sí bí o ṣe lè máa fọwọ́ kan egbò èèyàn kí o má ta á lára nígbà kan. Bí ó bá ṣẹlẹ̀, lọ bẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Má rán ẹnikẹ́ni. Má dúró de ìgbà tí inú rẹ̀ yóò rọ̀, nítorí pé bí o ṣe ń dúró yẹn, òun náà ń dúró, ó ń wò ó bóyá o máa wá.

Mo mọ̀ pé ìwé yìí yóò bà ọ́ nínú jẹ́, ìwọ tí o rò pé ìyá rẹ kò lè ṣe ibi. Mo rò ó dáadáa kí n tó kọ ọ́. Ó sàn kí o mọ irú ẹni tí mo jẹ́, ju kí o dà bí mi.

Láti ọdún náà, n kò tíì tẹ pápá àjọ̀dún kankan mọ́. Ṣùgbọ́n n óò wá sí tiyín ní Ìlọrà, bí o bá gbà fún mi. Má pè mí síwájú, má sì ní kí n sọ̀rọ̀. Fún mi ní ibi tí mo lè jókòó sí lẹ́yìn, n óò máa bá yín pọ́n mọ́ínmọ́ín. Bí ẹnikẹ́ni bá yà sọ́dọ̀ mi, tí ó bi mí pé ta ni ẹni tí ẹ ń ṣe gbogbo èyí fún, n óò ní kí ó kọ́kọ́ jókòó, kí ó jẹun.

Kí Olúwa tí ó mọ gbogbo àṣírí wa, tí kò sì polówó rẹ̀, máa ṣọ́ ẹnu rẹ àti ọwọ́ rẹ.

Èmi ni,
Dúpẹ́, ìyá rẹ.